GBOHÙNGBOHÙN: ORIN ALÁÌLỌ́RỌ̀ WALLY BADAROU ÀTI ETÍ YORÙBÁ

1. Ìfáárà



Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ǹjẹ́ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú lè bá ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀? Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni ó ṣe yẹ kí á fetí sí i? Àwo orin kan ni n ó fi ṣe àyẹ̀wò ìbéèrè yìí. Orúkọ àwo náà ni Echoes. Wally Badarou, atẹdùùrù tí ẹbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Benin wá, ni ó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Island Records ni ó sì gbé e jáde ní 1984. Àwo pẹ̀lẹ́ ni. Dùùrù oníná ni ó gbé e ró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí akọrin kan tí ó dúró níwájú tí ó ń ki ènìyàn tàbí tí ó ń pa ìtàn níbẹ̀.

Bí a bá ní kí á túmọ̀ orúkọ àwo náà sí èdè wa, ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu jù lọ ni gbohùngbohùn. Ẹni tí ó bá dàgbà láàrin òkè mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ènìyàn á ké, òkè á dá a lóhùn. Ohùn kan náà ni yóò padà wá, ṣùgbọ́n kò ní mú bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Yóò ti rọ̀. Bí òkè náà bá sì jìnnà, ọ̀rọ̀ inú igbe náà lè sọnù sójú ọ̀nà, kí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, a ó mọ̀ pé ènìyàn ni ó ké.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ dùùrù. Ó kàn wá púpọ̀. Àwa tí à ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà egúngún jọ. Ọ̀rọ̀ inú wọn ni a kọ sílẹ̀. Ohùn orin wọn ni a sábà máa ń fi sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wá sí nínú iṣẹ́ kan rárá, ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá, bí ẹni pé kò sí i. Àléébù yìí ni mo fẹ́ kí á jọ wò lónìí.

2. Etí tí ó ń wá ọ̀rọ̀

Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lára ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohun kan náà ni yóò kù lójú ìwé. Ohùn ni ó sọ èkíní di ẹni tí ó gbé ìyàwó, tí ó sọ èkejì di irinṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó sọ ẹ̀kẹta di ohun ìrìnnà, tí ó sì sọ ẹ̀kẹrin di ohun ìjà.

Nítorí èyí ni dùndún fi lè sọ̀rọ̀. Bí onílù bá fún ọṣán, awọ yóò le, ohùn yóò sì gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì ni ìlù ń pè. Ohùn ọ̀rọ̀ àti bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó ni ó ń gbé jáde. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òwe, oríkì àti àwọn gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú ni onílù ń lò jù lọ. Ẹni tí kò bá mọ oríkì ìdílé kan tẹ́lẹ̀ lè dúró ti onílù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ parí: bí òwe, bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n.

Ohun tí èyí bí ni pé etí wa ti di etí tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohun gbogbo. Àwọn ọmọdé wa a máa fi ọ̀rọ̀ sí igbe ẹyẹ. Wọ́n a máa fi ọ̀rọ̀ sí agogo ilé-ìwé. Bí fọnfèrè bá ń fọn fèrè níbi ìnáwó, kí ó tó fọn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnìkan yóò ti mọ ohun tí fèrè wí, yóò sì máa gbè é. Ẹ̀bùn ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀: bí a bá wá ọ̀rọ̀ títí tí a kò rí i, a ó yára sọ pé orin náà kò wí nǹkan kan.

3. Dùùrù àti ohùn èdè wa

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ dùùrù, ìjà sì wà láàrin òun àti èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin àwọn Òyìnbó. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, orin lè máa gòkè; ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ pè á sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà ní Èkó, gbé ọ̀rọ̀ ohùn èdè àti ohùn orin yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) ti kọ́ iṣẹ́ dùùrù. Ṣówándé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, ó tẹ pìánò jáàsì níbẹ̀, ó sì di ògbóǹtarìgì nídìí dùùrù. Ní 1944 ni ó kọ African Suite. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akin Euba (1935–2020) dé, tí ó kọ́ wa pé a lè lo pìánò bí ẹni pé ìlù ni, kí ọwọ́ kan máa lu ohun tí ìyá ìlù ń lù, kí èkejì sì máa ṣe bíi omele. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá jókòó sídìí dùùrù.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí á fi ọkàn sí níhìn-ín. Èkíní ni pé ibi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀, ìjà láàrin ohùn orin àti ohùn èdè ti parí. Dùùrù aláìlọ́rọ̀ kò lè ṣi ọ̀rọ̀ pè. Nígbà náà, bí Yorùbá bá wà nínú orin bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni a gbọdọ̀ wá a sí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Pìánò dà bí àtẹ̀gùn ilé: ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí bí ènìyàn ṣe lè dúró sí àárín méjì. Ohùn Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá pe ìwé, ohùn wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè. Ńṣe ni ó ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀. Dùndún lè ṣe èyí, pìánò kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n dùùrù oníná tí ó jáde ní àwọn ọdún 1970 ní àgbá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tí atẹdùùrù lè yí láti fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, bí onílù ti ń fún ọṣán. Irinṣẹ́ tí ó dé láti òkèèrè wá sún mọ́ ọ̀fun wa ju pìánò àtijọ́ lọ.

4. Ta ni Badarou?

Waliou Jacques Daniel Isheola Badarou ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìlú Paris ni a ti bí i ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, 1955, ṣùgbọ́n Dahomey, tí a yí orúkọ rẹ̀ sí Benin ní 1975, ni orírun ẹbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Faransé ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, etí wa kò ní í ṣì í gbọ́. Waliou yẹn ni Wàlíù tí ó kún ìgboro Ìlọrin. Badarou kò jìnnà sí Bàdàrú. Ní ti Isheola, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ láàrin wa tí kò ní mọ̀ pé ọlá wà nínú rẹ̀. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ni ó jẹ́ kí ọ̀nà tí a ń gbà kọ orúkọ kan náà di méjì.

Iṣẹ́ ẹlẹ́gbè ni Badarou kọ́kọ́ fi gba orúkọ. Òun ni ó tẹ dùùrù nínú orin Pop Muzik tí ẹgbẹ́ M gbé jáde ní 1979. Láti 1980 ni ó ti ń bá ẹgbẹ́ Level 42 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, tí àwọn ènìyàn sì ń kà á mọ́ wọn bí ọmọ ẹgbẹ́ karùn-ún. Ó wà nínú àwọn òṣèré tí Chris Blackwell kó jọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Compass Point ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas. Níbẹ̀ ni ó ti bá Grace Jones ṣe àwo mẹ́ta tí ó jáde láàrin 1980 àti 1982. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹlòmíràn ni ó wà níwájú. Aráyé ń jó sí ohùn ìka rẹ̀, wọn kò mọ ẹni tí ó ni ìka.

Echoes kì í ṣe àwo àkọ́kọ́ tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn pé ẹlẹ́gbè náà lè lé orin. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí àyè yọ fún un láti sọ̀rọ̀, kò mú ọ̀rọ̀ lò.

5. Ohun tí ó wà nínú àwo náà

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí àwo yìí fi bá ohun tí a mọ̀ nínú lítíréṣọ̀ wa mu.

(a) Àwítúnwí. Nínú èyí tí ó pè ní Mambo, orin náà rọra ń lọ, kò kánjú. Ègé orin kúkúrú kan ń padà wá, ó tún ń padà wá. Olùgbọ́ tí kò ní sùúrù yóò ní ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí ègé náà ti ń padà wá, ohun tí ó yí i ká ń yí padà: ohùn kan wọlé lábẹ́, òmíràn yẹra. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ oríkì rí kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí èyí. Akéwì a máa pe orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ohun tí ó tẹ̀ lé orúkọ ni yóò máa yàtọ̀. Àwítúnwí kì í ṣe àìrí ohun wí; òun ni ìpìlẹ̀ tí ìyàtọ̀ kékeré dúró lé kí á lè rí i.

(b) Lílé àti gbígbè. Hi-Life ni ó pe òmíràn, orúkọ orin tí Gánà àti Nàìjíríà jọ mọ̀ dáadáa ni èyí. Nínú rẹ̀, bí a ti ń mọ lílé àti gbígbè nínú agbo orin, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń pe ohùn: kúkúrú ń dá kúkúrú lóhùn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó jókòó sídìí dùùrù, ṣùgbọ́n agbo ni à ń gbọ́. Chief Inspector náà wà níbẹ̀, orin ijó ni, ó sì dé agbo ijó ní ìlú Òyìnbó. Èyí fi hàn pé pẹ̀lẹ́ àwo náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ; ẹni tí ó lè sáré ni ó yàn láti rìn.

(d) Àyè. Prophet-5 ni dùùrù oníná tí a mọ̀ mọ́ Badarou ní ìgbà yẹn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jáde ní 1978. Ohùn márùn-ún péré ni ó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ènìyàn bá tẹ ẹ̀kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn ti ìṣáájú ní láti dákẹ́. Ẹni tí ó bá ń lo irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ohun tí yóò sọ àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ìmọ̀ yẹn hàn nínú àwo náà. Àyè wà láàrin ohùn àti ohùn, olùgbọ́ sì lè wọ ibẹ̀. Bí òwe ni ó rí: ìdajì ni à ń pa, ọmọlúwàbí a sì parí ìyókù nínú ara rẹ̀.

Badarou lè fi àgbá dùùrù rẹ̀ ṣe bíi dùndún, kí ó máa fi ohùn òwe dá wa lára yá. Kò yàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohùn ọ̀rọ̀ wa ni ó mú, bí kò ṣe ètò rẹ̀: bí a ti ń tún ọ̀rọ̀ sọ, bí a ti ń dáhùn, bí a ti ń dákẹ́. Èyí ni mo pè ní gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ ti sọnù sójú ọ̀nà, ìrìn ọ̀rọ̀ ṣì kù.

6. Ilẹ̀kùn Òsí

Ẹnìkan lè sọ pé àlàyé yìí jẹ́ ti ilé-ìwé, pé Yorùbá gidi kò ní iṣẹ́ ọnà aláìlọ́rọ̀ tí à ń kà bí ẹni ka ìwé. Èmi kò gbà, ilẹ̀ tí a dúró sí yìí ni ẹ̀rí mi. Òsí ni ìlú bàbá wa Àrẹògún, agbẹ́gilére tí orúkọ wọn kárí ayé, tí wọ́n papòdà ní 1954. Òdò-Ọwá, ní Òkè-Ẹ̀rọ, ni ìlú Bámigbóyè, tí ère Ẹpa wọn ga tí ó sì kún fún ènìyàn bí ọjà.

Ẹ ronú sí àwọn ilẹ̀kùn tí Àrẹògún gbẹ́. Wọ́n pín ilẹ̀kùn sí ìlà, ìlà lórí ìlà. Nínú ìlà kan, jagunjagun lórí ẹṣin; nínú òmíràn, obìnrin tàbí onílù. Ènìyàn á tún jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn yàtọ̀. Àwítúnwí nìyí lára igi. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí àgbàlagbà tí yóò dúró níwájú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kí ó ní kò wí nǹkan kan. Ojú wa ti kọ́ láti ka ohun tí kò ní ọ̀rọ̀. Etí wa náà lè kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ àjèjì pàápàá ti ní ìdáhùn níbí. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé, ọmọ Àrẹògún, lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì; abẹ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó ń gbéṣẹ́ fún wọn yí padà, ìtàn tí wọ́n ń gbẹ́ yí padà, ọwọ́ kò yí padà. Ẹni tí ó bá mọ ọwọ́ Òsí yóò rí i lára ọba mẹ́ta tí ó wá kí Jésù. Bí a bá gba èyí fún igi, kí ni ó dé tí a kò fi ní gbà á fún dùùrù?

7. Àtakò

Àtakò méjì ni ó wúwo. Èkíní ni pé orin pẹ̀lẹ́ bí èyí jẹ́ orin abẹ́lẹ̀, tí à ń fi sílẹ̀ kí ó máa dún nígbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lò ó ni èyí ń sọ nípa rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi ilẹ̀kùn Àrẹògún ti ilé ẹran, ilẹ̀kùn Àrẹògún náà ni.

Èkejì ni pé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kò lè jà fún ẹnikẹ́ni. Kò lè bú olè, kò lè gba aláìlágbára sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ èyí, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí Badarou yìí kan náà ni ó darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo Fẹlá tí ń jẹ́ Teacher Don't Teach Me Nonsense, tí ó jáde ní 1986. Ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù nínú orin wa àti ẹni tí kò lo ọ̀rọ̀ jọ tún ilé ṣe. Ẹ sì kíyè sí i pé nínú orin náà, ohun èlò ti sọ̀rọ̀ pẹ́ kí Fẹlá tó la ẹnu. Ó mọ̀ pé etí tí a kò bá tọ́jú kò ní gba ọ̀rọ̀ dúró.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí á mọ̀. Ní 1990, ẹgbẹ́ Massive Attack láti ìlú Bristol mú ègé kan nínú Mambo, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ tiwọn lé e, wọ́n pè é ní Daydreaming. Ohun tí àwọn ọmọdé wa ń ṣe sí igbe ẹyẹ ni wọ́n ṣe yẹn. Àyè tí Badarou fi sílẹ̀ gba àlejò. Orin tí kò wí nǹkan kan kò lè fa irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.

8. Ìkádìí

Kí ni ó wá kàn wá nínú gbogbo èyí? Ní Òsí, ní Ìlọfà, àti ní gbogbo ìlú tí ó wà láàrin wọn, àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí oníwàásù bá ń gbàdúrà, wọ́n á ní kí ọmọ náà máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Yóò tẹ̀ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, yóò máa tún un sọ, yóò máa yí i padà, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun dákẹ́. Bí ìsìn bá parí, gbogbo ènìyàn yóò sọ ohun tí oníwàásù wí. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ọmọ náà wí. Kò sí ẹni tí yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

A ti rí ibi tí irú àìbìkítà yìí ń gbé ni lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkèèrè, Yorùbá nìkan ni a kọ sí ara wọn, a kò kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ó di 2022 kí Yunifásítì Yale tó ṣe ìpàtẹ tí ó jẹ́ ti Bámigbóyè nìkan, nígbà tí wọ́n ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Igi lè dúró de ẹni tí yóò wá a rí. Ohùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá pé kí ẹ̀ka wa gba orin aláìlọ́rọ̀ wọlé sínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá lọ kó ewì jọ ní agbègbè yìí máa gba ohùn àwọn atẹdùùrù àti àwọn fọnfèrè náà sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ wọn. Kí àwa fúnra wa sì kọ́ bí a ti ń jókòó ti ohùn títí tí yóò fi parí, láìkánjú wá ọ̀rọ̀ fún un. Ní 1989, ọdún márùn-ún lẹ́yìn Echoes, Badarou tún gbé àwo mìíràn jáde, èyí náà jẹ́ ti dùùrù. Ó pè é ní Words of a Mountain, èyí ni ọ̀rọ̀ òkè kan. Ọkùnrin tí kò lo ọ̀rọ̀ ni ó sọ pé òkè ní ọ̀rọ̀. Àwa tí a ní òkè lẹ́yìn ilé ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbà á gbọ́.